Nóòtì orin Kérésì fún ẹgbẹ́ fèrè idẹ olóhùn ìsàlẹ̀: ọ̀nà mẹ́fà, èwo ló bá yín mu?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé mẹ́rin péré ni yín: trombone méjì, euphonium kan (ó dà bíi tuba kékeré), tuba kan. Kérésì ń bọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀ yín pé kí ẹ wá fun fèrè fún ìdajì wákàtí. Ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orin Kérésì fún fèrè idẹ, ohun tó sì kún ojú yín ni ìwé ẹlẹ́ni márùn-ún: trumpet méjì, horn kan, trombone kan, tuba kan. Àwọn ẹlẹ́ni márùn-ún yẹn ló gba gbogbo ọjà. Àwa tí ohùn wa kì í kúrò nísàlẹ̀, ńṣe là ń ṣa tiwa láàárín ti ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, nóòtì tiwa wà, ó sì pọ̀ ju bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a ṣe rò lọ. Ó kàn fọ́n ká ni. Ọ̀nà mẹ́fà ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Kí a tó dé orí wọn, ẹ gba ohun kan gbọ́ lẹ́nu mi: ẹ má kọ́kọ́ wo àkọlé orin. Irú ohun èlò tí wọ́n kọ ọ́ fún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Orin tí gbogbo ayé fẹ́ràn, tí kò bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ni.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Clef ló ṣáájú, ìyẹn àmì tó wà níwájú ìlà nóòtì tó ń sọ orúkọ nóòtì kọ̀ọ̀kan. Bass clef ni trombone máa ń kà jù, ohun tí wọ́n kọ sí ìwé náà ló sì ń dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tuba ní ọ̀pọ̀ ibi. Euphonium ni olójú méjì àárín wọn: àwọn kan ń ka bass clef, àwọn kan ń ka treble clef oní-B♭, èyí tí ohùn rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ lọ ní octave kan (láti do dé do) àti tone kan (láti do dé re). Lẹ́yìn náà ni àṣà ẹgbẹ́ fèrè idẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, níbi tí bass trombone nìkan ti ń ka bass clef láàárín àwọn fèrè. Gbogbo àwọn tó kù, títí kan tuba oní-E♭ àti oní-B♭, treble clef ni wọ́n ń kà.

Mo ra nóòtì kan rí láìwo èyí. Alẹ́ ọjọ́ ìdánrawò ni a tó ṣí i, ipa ti tuba sì jókòó sínú treble clef oní-E♭ bí àlejò tó ṣìnà. Ohun tó yọ wá lálẹ́ ọjọ́ náà rèé, ó lè yọ ẹ̀yin náà. Ẹni tó mọ bass clef lè ka treble clef oní-E♭ ti tuba bí ẹni pé bass clef ni, kí ó ṣáà fi flat mẹ́ta kún àmì iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ tenor clef lè ka treble clef oní-B♭ bí ẹni pé tenor clef ni, kí ó fi flat méjì kún un. Ibi tí sharp tàbí flat bá ti ṣèèṣì yọjú láàárín orin nìkan ló ti gba kí èèyàn la ojú.

Èkejì ni bí ohùn ṣe nípọn tó. Ohùn méjì tó sún mọ́ ara wọn dùn lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n á di ẹrẹ̀. Bí third (bíi do àti mi tó dún pọ̀) bá ti wà nísàlẹ̀ C tó jókòó ní àlàfo kejì nínú bass clef, ẹ fura. Atorin tó mọ tuba máa ń jẹ́ kí àyè wà láàárín ohùn méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á sì kó àwọn ohùn tó fẹ́ra mọ́ra lọ sókè. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á kàn gbé orin trumpet, á sọ ọ́ kalẹ̀, á sì pè é ní ti tuba.

Ẹ̀kẹta ni èémí. Tuba ń gba afẹ́fẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Orin ìyìn oní-ẹsẹ mẹ́rin tí kò fún tuba ní ìsinmi kankan á pa ẹni tó ń fun ún kí ẹ tó dé orin karùn-ún. Ẹ wo ojú ìwé ipa tuba: bí ẹ kò bá rí àmì ìdákẹ́ kankan níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń dúró dè yín.

Ẹ̀kẹrin ni òfin, òun ló sì ń pín gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Apá kan ni àwọn orin àtijọ́ tó ti di ti gbogbo ayé: Silent Night tí Franz Gruber fi ohùn sí ní 1818, Jingle Bells tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1857. Ẹnikẹ́ni lè tún wọn tò, kí ó dà wọ́n kọ, kí ó pín wọn. Apá kejì ni àwọn orin rédíò àti ti sinimá, tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù. White Christmas jáde ní 1942, Rudolph the Red-Nosed Reindeer ní 1949. Ní Amẹ́ríkà, 95 ọdún ni ààbò orin ìgbà yẹn, ìyẹn ni pé èkínní ṣì wà lábẹ́ òfin títí 2037 yóò fi parí, èkejì sì di ìparí 2044. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n máa ń kà. Irving Berlin tó kọ White Christmas kú ní 1989, nítorí náà tirẹ̀ di ìparí 2059. Ẹ kò lè jókòó sílé kí ẹ tún irú orin bẹ́ẹ̀ tò, kí ẹ sì máa pín in kiri láìgba àṣẹ.

Àwọn kan tún wà láàárín méjèèjì tó ń dẹ pàkúté. Ohùn Carol of the Bells jẹ́ ti Mykola Leontovych, ọmọ Ukraine tó kú ní 1921, ó sì ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àtúntò tí Peter Wilhousky tẹ̀ jáde ní 1936 ṣì ní oní-nǹkan ní Amẹ́ríkà. Bákan náà, orin lè pé 300 ọdún kó jẹ́ pé àná ni wọ́n kọ alto àti tenor tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín.

Owó àti àkókò ló kẹ́yìn. Wọn kò ṣòro láti yé ni, mo máa fọwọ́ bà wọ́n bí a bá ṣe ń lọ.

1. Ìwé TubaChristmas

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1974, Harvey Phillips, ọ̀gá afuntuba, kó ọ̀pọ̀ àwọn afuntuba àti afun-euphonium jọ sí Rockefeller Center ní New York, láti fi bu ọlá fún olùkọ́ rẹ̀, William J. Bell, tí wọ́n bí lọ́jọ́ Kérésì 1902. Alec Wilder ló tún àwọn orin náà tò. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ TubaChristmas yìí lọ́dọọdún ní ìlú púpọ̀, ìwé tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ wà fún títà: ohùn mẹ́rin, méjì fún euphonium, méjì fún tuba, ní bass clef àti treble clef.

Fún ẹgbẹ́ kékeré, ohun mẹ́ta ló dára nínú ìwé yìí. Àkọ́kọ́, ẹni tó mọ̀ nípa fèrè ìsàlẹ̀ ló tò ó fún fèrè ìsàlẹ̀. Kò sí trumpet kan tí ẹ ó máa wá ẹni dípò. Èkejì, wọ́n tò ó fún àwọn tí wọn kò tíì fun fèrè pọ̀ rí, tí wọn yóò dánra wò lẹ́ẹ̀kan, tí wọn yóò sì bọ́ síta lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀kẹta, trombone lè gba ipa euphonium tó wà ní bass clef láìyí nǹkan kan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pe trombone síbi àpéjọ náà.

Ibi tí ó kù sí: orin ìyìn àtijọ́ ló gba ibẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń wá orin rédíò yóò jáde lọ́wọ́ òfo. Ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni olúkúlùkù ń rà, ẹ má ra ẹyọ kan kí ẹ máa dà á kọ. Ní tèmi, bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní ìwé kankan rárá, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

2. Àwọn tó ń tẹ ìwé fèrè ìsàlẹ̀ nìkan

Àwọn ilé iṣẹ́ kékeré wà tó jẹ́ pé fèrè idẹ ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Cherry Classics ní Vancouver ní Kánádà ń ta nóòtì trombone àti ti fèrè ìsàlẹ̀. Cimarron Music Press ní nóòtì tuba àti euphonium lọ́pọ̀. Hickey's ní Ithaca, ìpínlẹ̀ New York, ń kó ìwé ọ̀pọ̀ atẹ̀wé jọ sí ojú kan. Ibẹ̀ ni àtúntò tó dára jù máa ń wà. Àwọn tó ń kọ ọ́ ń fun fèrè náà fúnra wọn, wọ́n mọ ibi tí ẹrẹ̀ wà, wọ́n sì mọ ibi tí tuba ti ń fẹ́ mí.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má wá ti tuba àti euphonium nìkan. Ẹ wo ẹ̀ka trombone mẹ́rin pẹ̀lú. Ìwé trombone mẹ́rin pọ̀ ju ti tuba àti euphonium lọ fíìfíì, tuba sì lè gba ipa kẹrin tí wọ́n kọ fún bass trombone láìní ìṣòro. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni pé ipa kìíní lè wà ní tenor clef tàbí alto clef, ó sì lè gun òkè dé B♭ tó wà lórí C àárín. Ẹni tó ń fi fèrè ṣeré lọ́jọ́ Sátidé lè fun B♭ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, pẹ̀lú òtútù níta, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Orin kan ni ẹ ń sanwó fún lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ìwé odindi. Tí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n kún ìdajì wákàtí, owó á rìn. Ibi tí owó yẹn ti ń padà wọlé ni pé ẹ ó fun wọn lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ kí ẹ rí ojú ìwé kìíní kí ẹ tó rà. Ẹ wò ó. Ojú ìwé kìíní máa ń sọ clef, key àti bí ipa kìíní ṣe ga tó, ìdámẹ́ta ohun tí ẹ ń wá nìyẹn.

3. Àwọn ìsọ̀ ńlá àti ArrangeMe

Sheet Music Plus, Sheet Music Direct, J.W. Pepper: ọjà ńlá ni wọ́n, gbogbo irú orin ló wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n wúlò fún wa ni ArrangeMe, ètò Hal Leonard tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún orin tó ṣì ní oní-nǹkan tò, kí ó sì tà á lọ́nà òfin, tí oní-nǹkan náà yóò gba ìpín tirẹ̀. Kí èyí tó wà, ó ṣòro kí ẹ tó rí orin sinimá tí wọ́n tò fún euphonium méjì àti tuba méjì, nítorí kò sí atẹ̀wé tí èrè rẹ̀ máa tó o. Nísinsìnyí, ẹnì kan tó ní irú ẹgbẹ́ yín níbòmíràn ti lè tò ó, kí ó gbé e sí ọjà.

Nítorí náà, bí àwọn tó pè yín bá ti sọ pé orin rédíò ni àwọn ń fẹ́, ọ̀nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ní mú yín rú òfin, tí kò sì ní gba owó ńlá lọ́wọ́ yín. PDF ni wọn yóò fi ránṣẹ́, ẹ ó sì rí i gbà lójú ẹsẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ranti Kérésì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àánú ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wà lójúfò, nítorí kò sí olóòtú tó ka púpọ̀ nínú wọn. Mo ti rí èyí tí ipa tuba rẹ̀ wà níbi tí euphonium yẹ kí ó wà, mo sì ti rí èyí tí ojú ìwé rẹ̀ gba kí èèyàn yí i láàárín nóòtì gígùn. Ẹ gbọ́ ohùn tí wọ́n fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Kọ̀ǹpútà ló ń fun ún. Kọ̀ǹpútà kì í mí, ètè rẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́, third tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ń mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ojú ka nóòtì náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye ẹ̀dà tí àṣẹ náà gbà: bí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ lórí ohùn mẹ́rin, àkójọ kan lè má tó.

4. Ilé ìkàwé ọ̀fẹ́: IMSLP àti CPDL

IMSLP, ilé ìkàwé nóòtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó sì kún fún orin tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Àbùkù rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tiwa ni pé orin Kérésì tí wọ́n tò fún fèrè ìsàlẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó rí ìpìlẹ̀ tó dára, bí orin ìyìn tí Michael Praetorius tò ní ohùn mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, irú èyí tó dà bíi pé trombone ló ní in lọ́kàn. Kì í sì ṣe àròsọ: trombone ti wà nínú ilé ìjọsìn Jámánì láti ìgbà yẹn, tí ó ń gbe àwọn akọrin lẹ́sẹ̀.

CPDL ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀. Láti 1998 ló ti wà, nóòtì àwọn akọrin ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó ń fun fèrè kì í ronú láti wo ibi tí wọ́n ti ń wá orin àfẹnukọ, àṣìṣe sì nìyẹn. Ẹ lè wá orin níbẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú irú ohùn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yan TTBB, ìyẹn ohùn ọkùnrin: tenor méjì, bass méjì. Tenor kìíní kì í sábà kọjá A tó wà lórí C àárín. Bass kejì kì í sábà sọ̀ kọjá E tàbí F tó wà nísàlẹ̀ bass clef. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn wé trombone àti euphonium yín. Ojú kan náà ni wọ́n jókòó sí! Ẹni tó tò ó ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ fún yín pẹ̀lú, nítorí ohùn ọkùnrin náà ń di ẹrẹ̀ bí ó bá fún jù nísàlẹ̀. Bí tuba bá fun bass kejì ní octave kan sísàlẹ̀, ilẹ̀ á mì bí ìgbà tí duru ńlá bá dún.

Ohun kan lè dà á rú. Treble clef tó ní 8 kékeré lábẹ́ ni wọ́n fi ń kọ tenor. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ kà á bó ṣe wà, ní octave kan sísàlẹ̀. Kì í ṣe treble clef oní-B♭. Ẹni tó ń ka treble clef oní-B♭ lójoojúmọ́ tó bá gbàgbé èyí yóò máa fi tone kan rẹlẹ̀ sí àwọn tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwà ìkà sì nìyẹn sí etí àwọn tó ń gbọ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ tún un tẹ̀ sí bass clef. Ọ̀pọ̀ nóòtì CPDL ní fáìlì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ PDF rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá rí MusicXML, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò nóòtì lè ṣí, òun ni kí ẹ mú. Fáìlì Finale (ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń kọ nóòtì) ti ń di ọ̀rọ̀ àná, nítorí àwọn tó ni Finale kéde ní 2024 pé àwọn kò ní ṣe ètò náà mọ́.

Ọ̀fẹ́ ni IMSLP àti CPDL. Ẹ kàn wo ọdún tí ẹni tó kọ orin náà kú àti òfin ilẹ̀ tí ẹ wà, nítorí ohun tó ti di ti gbogbo ayé níhìn-ín lè má tíì dà bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ka àṣẹ tí ẹni tó tẹ nóòtì náà kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé pẹ̀lú.

5. Kí ẹ tò ó fúnra yín nínú MuseScore

MuseScore, ètò tí wọ́n fi ń kọ nóòtì, èyí tí ẹ ń fi sórí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má fi í wé ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé iṣẹ́ wọn sí, tí kò sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí ìkànnì yẹn, olóye wà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wà, ẹni tó kàn ń ṣeré náà wà. Ẹ lè rí góòlù, ẹ sì lè rí nóòtì tuba tí èèyàn kankan kò lè fun. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ.

Orin ìyìn ohùn mẹ́rin tó ti di ti gbogbo ayé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: soprano, alto, tenor, bass. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á sọ soprano nìkan kalẹ̀ ní octave kan kí euphonium lè fun ún, wọ́n á fi tenor sílẹ̀ níbi tó wà, tenor á sì gun orí ohùn aṣáájú. Àwọn èèyàn ò ní gbọ́ orin náà mọ́. Tenor ni wọ́n á máa gbọ́, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú.

Ẹ sọ gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Orin tó wà ní key G, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sí B♭ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, major sixth kan gééré. E tó ga jù nínú soprano á di G tó wà lórí C àárín, èyí tí trombone lè fun láìlàágùn. G tó rẹlẹ̀ nínú bass á di B♭ tí tuba ń fun láìtẹ fáàfù kankan, bí ó bá jẹ́ tuba oní-B♭. B♭ sì ni ilé fún trombone àti euphonium. Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ohùn kejì sí ìsàlẹ̀ wò. Níbi tí òun àti tuba bá ti sún mọ́ ara wọn jù, ẹ yọ third rẹ̀, ẹ gbé e fún ohùn òkè, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó fun ohun kan náà pẹ̀lú tuba ní octave kan sókè.

MuseScore á ràn yín lọ́wọ́. Nóòtì tó bá kọjá agbára ẹni tó ń kọ́ fèrè á yí àwọ̀ padà, èyí tó kọjá agbára ọ̀gá pàápàá á di pupa. Ó tún lè yọ ipa kan náà ní bass clef fún ẹnì kan, ní treble clef oní-B♭ fún ẹnì kejì. Bí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ àdàpọ̀, kò sí ìwé títà tó lè bá yín mu tó èyí.

Iye rẹ̀ ni àkókò. Orin kan lè gba alẹ́ kan títí tí ọwọ́ á fi mọ́ ọn. Àwọn orin àtijọ́ nìkan sì ni. Ẹ má fọwọ́ kan orin rédíò níbí. Bí kò bá sí ẹni tó lè tẹ nóòtì láàárín yín, ẹ lè sanwó fún atorin kí ó tò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ irú ohun èlò, clef, àti nóòtì tó ga jù tí olúkúlùkù lè fun fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

6. Ìwé ohùn mẹ́rin tí ohun èlò èyíkéyìí lè fun

Àwọn Ọmọ Ogun Ìgbàlà (ìjọ Salvation Army) ti ń fun fèrè lójú pópó lásìkò Kérésì láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé wọn sì fi hàn pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ohùn mẹ́rin tó pé, ohun èlò yòówù tó bá wà nílẹ̀ kí ó gba ohùn tó bá a mu. Àwọn atẹ̀wé mìíràn náà ń ṣe irú rẹ̀. Orin pọ̀ nínú ìwé kan, nítorí náà tí a bá pín owó rẹ̀ sórí orin kọ̀ọ̀kan, ó lè dín kù sí ti orin tí a ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Fún ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ fèrè ìsàlẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ tenor tó gun orí aṣáájú tún padà wá. Ohùn kìíní jẹ́ ti cornet (fèrè kékeré tó dà bíi trumpet) nínú èrò ẹni tó kọ ọ́. Bí euphonium bá ka ipa cornet, á dún ní octave kan sísàlẹ̀, àwọn ohùn tó kù kò sì bá a sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá lè rí cornet tàbí trumpet kan yá fún ọjọ́ náà, ìwé yìí á dára púpọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹgbẹ́ tuntun tí kò ní nóòtì kankan, tí àyè ìdánrawò rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ: ìwé TubaChristmas, ẹyọ kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó bọ́ síta láìkọsẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí àwọn tó pè é fẹ́ orin sinimá àti ti rédíò: ArrangeMe, mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Ẹ fi orin àtijọ́ láti CPDL kún ìyókù ìdajì wákàtí náà. Bí ẹ bá fi orin ọ̀fẹ́ mẹ́ta sáàárín orin rírà kan àti òmíràn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé owó yín kò pọ̀.

Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ kí àwọn èèyàn dúró gbọ́, tí wọ́n ní ìdánrawò bíi mẹ́fà níwájú: àwọn atẹ̀wé fèrè ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀ka trombone mẹ́rin kí ẹ tó wo èyíkéyìí mìíràn.

Ẹgbẹ́ àdàpọ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń ka treble clef, tí ẹnì kejì ti ń ka bass clef, tí ẹnì kẹta sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé tí kò tíì lè gun òkè: MuseScore. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó máa tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ oní-mẹ́ta: ẹ wá ohun tí wọ́n kọ fún mẹ́ta gan-an lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé kékeré, tàbí kí ẹ tò ó fúnra yín. Ìwé ohùn mẹ́rin tí a yọ ohùn kan kúrò nínú rẹ̀ máa ń ní ihò, third tó ń sọ bóyá orin dùn tàbí ó korò ló sì máa ń sábà bọ́ sínú ihò náà.

Ẹ mú pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ dání fún ìwé. Afẹ́fẹ́ Kérésì kò mọ ẹ̀tọ́ àdàkọ.